Ta ló jẹ gbèsè tí ọmọ yìí ń sìn? Ìwọ̀fà àtijọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ òde òní

Àṣàbí Mushin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nínú ọgbà wa tí kò ní sọ pé mo ń tojú bọ ohun tí kò kàn mí.

Obìnrin kan kó wá sí ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé. Ó bí ọmọ mẹ́ta. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan mú ọmọbìnrin kan wá fún un. Ọmọ náà kò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ. Blessing ni wọ́n ń pè é. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ni mo ti ń gbọ́ ìró korobá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Bí àwọn ọmọ ilé bá wọ aṣọ ilé ìwé tán, òun ni yóò gbé báàgì wọn dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ni yóò gbé omi inú ọ̀rá lérí, ó di títì. Ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kó tó wọlé. Nígbà tí mo rọra bi ìyá náà pé ilé ìwé wo ni ọmọ yìí ń lọ, ó ní: "Owó ọdún kan ni mo san fún àjẹ́ǹtì. Ṣé kí n tún wá san owó ilé ìwé lé e ni?"

Mo sọ ọ́ fún ìyá ìyá mi lórí fóònù. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣebí wọ́n ní ìwọ̀fà ti tán nílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Inú òwe nìkan ni mo ti ń gbọ́ ìwọ̀fà tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, kí ni ìwọ̀fà gan-an? Ṣé ẹrú ni? Báwo la ṣe dé ibi tí èèyàn ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun sanwó ọdún kan lórí ọmọ ọlọ́mọ?

Tíṣà Ìtàn Ọ̀yọ́

Àṣàbí, màmá àgbà kò ṣì í sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní igun tó pọ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹrú ni ẹni tí wọ́n mú lógun, tí wọ́n jí gbé, tàbí tí wọ́n fowó rà. Olówó rẹ̀ ló ni ín, ó lè tà á nígbà tó bá wù ú. Ìwọ̀fà yàtọ̀. Ọmọ ìlú ni, ó ní agbo ilé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á. Bí owó bá ká ẹnìkan lọ́wọ́ kò, bóyá òkú ńlá ṣubú lulẹ̀, tàbí àìsàn wọlé, tàbí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, tàbí ó fẹ́ ra èèyàn rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó mú un lógun, yóò tọ olówó lọ, onígbọ̀wọ́ yóò dúró fún un, yóò sì gba owó. Dípò kó máa san èlé, yóò máa fi iṣẹ́ sin olówó fúnra rẹ̀, tàbí kó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Bí ó fi ogún ọdún ṣe é, orí owó kò ní dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní lé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ka orí owó sílẹ̀ pé, ìwọ̀fà ti lọ sílé nìyẹn.

Àgbàlagbà tó ṣe ìwọ̀fà a máa gbé ilé ara rẹ̀. Iye ebè kan wà tí yóò kọ lóko olówó, tàbí kó bá a ṣiṣẹ́ fún apá kan ọjọ́, ìyókù di tirẹ̀. Ó lè dá oko tirẹ̀, ó lè fi èrè ibẹ̀ san gbèsè.

Ti ọmọdé ló korò. Ọmọ tí wọ́n bá fi sọfà kì í sùn nílé bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olówó ló ń jí, ọ̀dọ̀ olówó ló ń jẹun, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ti olówó. Òun kọ́ ló jẹ gbèsè, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tí kòkó wọ ilẹ̀ wa, tí gbogbo èèyàn ń wá owó tí wọn yóò fi dá oko, ọwọ́ ìwọ̀fà wà nínú ọ̀pọ̀ oko tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ń jogún títí dòní. Ìjọba amúnisìn padà fòfin dè é, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò bá ẹnikẹ́ni san gbèsè tó wà nílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ṣe é lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó kòkó wá já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ọmọ ni ọ̀pọ̀ ilé rí fi dí ihò.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo wa ro ni èyí: ta ló jẹ gbèsè tí Blessing ń sìn? Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ orí owó. Ó mọ onígbọ̀wọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ mọ ilé tó wà. Blessing kò mọ ọ̀kankan.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ ká rọra o.

Mo ti pé ọdún 74. Mo kiri ẹ̀kọ kí n tó lọ ilé ìwé láàárọ̀, mo kiri epo lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí bàbá mi kò lówó, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ tíṣà kan ní ìlú kejì. Mo pọnmi, mo gúnyán, mo fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ilé yẹn ni mo ti kàwé mẹ́fà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó, bàbá yẹn ló sì dúró fún mi nígbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ẹrú ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, inú mi kò ní dùn. Yorùbá kì í tọ́ ọmọ sínú ìkẹ́ nìkan. Ọmọ tí kò bá bá ìyá rẹ̀ kiri, tí kò bá bá bàbá rẹ̀ roko, níbo ló ti fẹ́ mọ ìwà? Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa.

Mi ò sọ pé ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe dára. Mo kàn ní ká má da ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹbí pọ̀ mọ́ ọmọ tí wọ́n tà.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ dá yín lóhùn ni, nítorí pé èmi ni Blessing ọjọ́ sí.

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí ọkùnrin kan dé abúlé wa. Ìbátan ìyá mi ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ní òun rí ilé olówó kan ní Èkó tí wọ́n fẹ́ ọmọ tí yóò máa bá ọmọ wọn ṣeré, wọn yóò sì fi mí sílé ìwé. Bàbá mi ra bàtà fún mi nítorí ilé ìwé yẹn. Bàtà aláwọ̀ dúdú. Mo wọ̀ ọ́ lọ sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a dé, ọ̀gá obìnrin ní kí n bọ́ ọ, kí n má baà fi ẹrẹ̀ ba ilẹ̀ jẹ́. Mi ò rí bàtà náà mọ́. Orúkọ mi gùn jù fún wọn, wọ́n ní Joy ni mo ń jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà nílé náà tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, bóyá oṣù mélòó kan ló fi jù mí lọ. Èmi ni mo ń lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lálaalẹ́. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ìwé tó bá ti parí ni wọ́n máa ń kó fún mi pé kí n fi dáná, ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo ń ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan pa mọ́ sábẹ́ àpò tí mò ń sùn lé.

Wọn kì í lù mí lójoojúmọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́ síta àwọn èèyàn á kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n lù mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdún márùn-ún ni mo lò, n kò fọwọ́ kan owó kan. Ọkùnrin yẹn ló ń wá gbà á lọ́dọọdún. Ó sọ fún bàbá mi pé owó ilé ìwé mi ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá mi pé òun ń kó o fún bàbá mi. Nígbà tí mo padà délé ní ọmọ ọdún 14, bàbá mi bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà yín rán yín lọ sílé ìwé. Òun ló dúró fún yín nígbà ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Iṣẹ́ kọ́ ló ba tèmi jẹ́. Nílé wa náà mo ń ṣiṣẹ́ kí n tó kúrò.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin tún kà á sí mi létí nítorí ojú mi.

Má kúnlẹ̀ fún mi. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Ohun kan wà tí n kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ìyá bàbá mi sọ fún wa pé wọ́n fi òun sọfà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, torí owó tí wọ́n fi sin bàbá àgbà òun. Wọ́n ní ọdún méje ni òun lò. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, orin ni wọ́n máa ń fi í kọ, àwa ọmọdé á máa jó, a kò mọ̀ pé ẹkún ni. Àwọn náà ló máa ń pa òwe yìí: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú sì ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo ti fi òwe yẹn gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láìmọye ìgbà láìrántí ẹni tó kọ́ mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n Òkè-Ògùn sọ ló mú mi kọ èyí. Joy, Blessing. Ìwà àtijọ́ ni. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan tí ó tó ọmọ ọdún márùn-ún. Àìná ni orúkọ rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá, ẹni tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Ọdún méjì ló lò lọ́dọ̀ Ọba Gezo kí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, tó gbà á ní ọdún 1850 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é o, bí ẹni fún ni ní adìẹ. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀: Sarah Forbes Bonetta. Bonetta ni ọkọ̀ ojú omi yẹn ń jẹ́. Ó padà fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró, ní ọdún 1862, ó gbé Èkó, ó sì kú ní Madeira ní ọdún 1880.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ níbí bí ìtàn ọmọ tó ríre, nítorí ilé ọba tó wọ̀. Èmi a máa ronú ìyá tó sọ ọ́ ní Àìná.

Akin Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká máa bú ara wa jù. Ta ló kó ìbọn wá? Ta ló ni ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia àti Cuba? Bí òyìnbó kò bá rà, ta ni à bá tà fún? Ìwọ̀fà wa kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹrú tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

Tíṣà Ìtàn Ọ̀yọ́

Akin, òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ rẹ, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó rà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú ọmọ kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí o bá mi ka iye ọwọ́ tó gbà kọjá kó tó kan òyìnbó.

Ajàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Ní ọdún 1821, òwúrọ̀ ni ogun wọ Òṣogùn, oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná. Wọ́n ju okùn sí òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Àwọn tó mú wọn kì í ṣe òyìnbó. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọn kò fẹ́ràn pàṣípààrọ̀ náà nígbà tó yá, wọ́n dá ọmọ padà. Wọ́n tún tà á, ó dọ́wọ́ obìnrin kan, obìnrin náà tún tà á. Ọtí àti tábà wà nínú ohun tí wọ́n san lórí rẹ̀. Ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìbàdí ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ tí kò tíì tó bàlágà! Nígbà tó dé Èkó, wọ́n so òun àti àwọn ọmọdé mìíràn pọ̀ mọ́ àwọn àgbà ọkùnrin lórí ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, bí ara bá ń ro àwọn àgbà, wọn a fa ẹ̀wọ̀n náà títí yóò fi há àwọn ọmọdé lọ́rùn. Oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ àwọn Potogí tó gbé e kó sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú kiri, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ni.

Bá mi ka ọwọ́ wọ̀nyẹn, Akin. Ọwọ́ tiwa pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Àgbádárìgì, ẹ ti rí ilé ẹrú Séríkí Williams Abass, àwọn yàrá kótópó wọ̀nyẹn. Ọmọ ìlú Jógà lágbègbè Ìlaròó ni, wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil. Ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ibi yẹn gan-an ni mo máa ń dúró sí pẹ́ jù lọ, nítorí pé n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní Oṣù Kejìlá ọdún 1851, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 pé kí òwò ẹrú ojú òkun dáwọ́ dúró. Ǹjẹ́ ẹrú tán? Rárá. Epo pupa ló gba ipò. Ta ni yóò gé ẹyìn, ta ni yóò fọ́ ọ, ta ni yóò ru kèǹgbè epo láti oko dé etí ọ̀sà? Ẹrú ni. Ní Ìbàdàn, àwọn ìjòyè ogun ní ẹrú lóko lọ́pọ̀ yanturu. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú ní ọdún 1874, fi iṣẹ́ ẹrú di olówó ńlá. Orúkọ Tinúbú tí à ń pe ojúde kan ní Èkó, orúkọ obìnrin tó ṣòwò ẹrú ni. Nígbà tó yá, òyìnbó kò ra ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa là ń ra ara wa.

Ọmọ Kétu

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti apá ibí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un.

Níbí, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni. Ohun rere ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tí Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó sọ. Nígbà tí owó wọ̀ ọ́, ó yí padà. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno tó gbéra ní Kùtọnu lọ sí Gabon pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀, tó sì padà. Ọ̀pọ̀ yín rántí ìyẹn. Èyí tí ẹ kì í sábà sọ ní ọ̀dọ̀ yín ni ti ọdún 2003. Wọ́n kó àwọn ọmọ wa tó ju 200 lọ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Púpọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Zakpota. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ ni àwọn èèyàn fi ń kọ́lé. Ọdún 2005 ni ìjọba méjèèjì tó jọ fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó, wọ́n á ní "Àgànyìn ni", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí ẹni pé nítorí pé ọmọ náà ti ìkọjá ààlà wá, kò ní ìyá.

Ìyá Ìbejì Agége

Hmm. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé. N kò rò ó rí.

Lọ́yà Dúró

Àṣàbí, mo rí i pé o kò tíì bèèrè ohun tí o lè ṣe, nítorí náà èmi yóò sọ ọ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti ọdún 2003, Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin tó lòdì sí kíkó ènìyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2015, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n, oṣù mẹ́fà ó kéré tán, títí dé ọdún méje. Kì í ṣe ẹni tó gbà á síṣẹ́ nìkan ni òfin náà mú. Ó mú ẹni tó gbé e wá, ẹni tó fi í pa mọ́, àti ẹni tó yá a fún ẹlòmíràn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama di dandan fún gbogbo ọmọ.

Àjọ NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ni kí o pè, nọ́ńbà wọn ni 627, kò gba owó. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: má lọ bá obìnrin náà jà. Má ṣe halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá fura, ọmọ náà á ti dé ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sẹ́ni tí yóò tún rí i. Kọ àkókò tí ọmọ ń jáde àti èyí tó ń wọlé sílẹ̀. Bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí àyè bá wà, má ṣèlérí ohun tí o kò lè ṣe fún un.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ lọ́yà dára. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó ní ọmọbìnrin tó ti dàgbà. Àjẹ́ǹtì kan náà tó ń kó ọmọdé lọ sí Èkó ń kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ sókè òkun báyìí, lọ sí Líbíà, Oman àti Lẹ́bánọ́ọ̀nù. Wọ́n á ní iṣẹ́ ilé ni, tàbí irun dídì. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní wọ́n jẹ gbèsè owó ọkọ̀ òfuurufú. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2020, ẹnìkan ní Lẹ́bánọ́ọ̀nù gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan síta lórí Facebook pé òun ń tà á ní $1,000. Wọ́n mú ẹni náà.

Tíṣà, ẹ sọ pé orí owó ìwọ̀fà kì í dín, kì í sì í lé. Ti àwọn wọ̀nyí ń lé. Wọ́n ń ka oúnjẹ mọ́ ọn, wọ́n ń ka ibi ìsùn mọ́ ọn, wọ́n ń ka àìsàn mọ́ ọn. Àwọn baba ńlá wa tí a ń bá wí níbí kò ṣe irú ìyẹn sí ìwọ̀fà.

Tíṣà Ìtàn Ọ̀yọ́

Òótọ́ lo sọ. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi wẹ ìwọ̀fà mọ́. Ìyá bàbá Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó sunkún fún ọdún méje. Àmọ́ o ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ: a tú ìwọ̀fà ká, a sọ onígbọ̀wọ́ nù, a sọ orí owó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nù, a sọ ẹ̀tọ́ àtilọ sílé nù. Ọmọ tó ń sìn nìkan la ṣẹ́ kù.

Akin Òṣogbo

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí pé ká má bú ara wa. Ilé wa náà ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí orúkọ ìlú rẹ̀, n kò rántí. Màmá mi náà kò rántí.

Àṣàbí Mushin

Ẹ̀yin ará, ó ti pé ọjọ́ 19 tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, lọ́yà ló ní kí n má sọ nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Mo pè wọ́n. Mo kọ àkókò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò ká ọmọ náà mọ́ ìdí ilé wa, mo pè é wọlé, mo fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é nílé. Ó wò mí títí. Ó wá sọ ọ́, ó sọ oríkì rẹ̀ pẹ̀lú, ohùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá bó ti ń sọ ọ́. N kò ní kọ orúkọ náà síbí nítorí ọmọdé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Blessing.

Wọ́n wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin náà pariwo, ó ní òun ń ràn án lọ́wọ́ ni. Àwọn ará ọgbà kan kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà wà ní ibi ìtọ́jú báyìí. Wọ́n ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Òkè-Ògùn, ohun tí bàbá náà kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ó ti ṣe ìdánwò tó wọ kíláàsì kejì.

Fóònù àjẹ́ǹtì kò lọ mọ́. Ọmọ náà sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló gbẹ̀yìn. Ó mọ orúkọ àwọn mẹ́ta, ti ilé gan-an. Ẹ̀kẹrin sùn lọ nínú ọkọ̀, wọn kò tíì bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e bọ́ sílẹ̀.